Kọ̀ǹpútà ilé yín tí wọ́n ní ó ti kú yẹn, ẹ má tíì sin ín o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń dùn mí lọ́kàn tipẹ́, ìyẹn ni bí àwọn èèyàn wa ní Kabba níbí àti káàkiri ilẹ̀ Òkun ṣe máa ń tètè sọ̀rètí nù lórí kọ̀ǹpútà ilé wọn. Kí iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì péré, kí kọ̀ǹpútà má tàn mọ́, wọn á ní ó ti kú. Kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ti kú nìyẹn. Kó máa rìn bí ìgbín, wọ́n á ní ó ń kú lọ. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti gbé wá síwájú mi pé ó ti kú, àwọn tó kú lóòótọ́ kò pọ̀ rárá. Wáyà ló yọ lára òmíràn, eruku ló dí òmíràn nímú, iná ló sì fìyà jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé bí wọ́n bá ti ní ó ti kú báyìí, kò sẹ́ni tó ń rántí mọ́ pé ohun tó wà nínú ẹ̀ lè ṣì wà láàyè.

Mi ò kàwé ẹnjiníà o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ilé ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, nípa kí n máa tú u kí n sì máa tò ó pa dà, àwọn ará àdúgbò ló wá fi mí joyè dókítà kọ̀ǹpútà. Wọ́n á kanlẹ̀kùn láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, Òkun o, ẹ dákun ẹ bá wa wo nǹkan yìí." Kí n tó ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á ti sọ orúkọ ẹni tó fi ojú burúkú wo kọ̀ǹpútà náà lánàá. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Wáyà iná ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Àbí ẹ ò rí i pé kọ̀ǹpútà ti wọ ilé àwọn èèyàn ju bí a ṣe rò lọ? Láti ọdún 2015 tí àjọ JAMB ti sọ ọ́ di dandan pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ yóò ti máa ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, àwọn òbí ti ń wá owó ra ọ̀kan sílé kó lè mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Àwọn tíṣà ń fi tẹ ìbéèrè ìdánwò, àwọn akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ń fi tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó. Tuntun kọ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀, Tòkunbọ̀ ni, èyí tí òyìnbó ti lò tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó o wá sí Èkó, tí wọ́n tà á ní Computer Village n'Íkẹjà, kó tó di pé ó wọ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ wa. Tòkunbọ̀ wá di tọmọ Òkun. Kò burú, nǹkan gidi ni. Ṣùgbọ́n iná ibi tó ti ń bọ̀ àti iná ibi tó dé, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà àkọ́kọ́ wà. Ní Amẹ́ríkà, 120 volt ni iná ilé wọn. Tiwa níbí, 230 volt ni wọ́n ní kó jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń ki wáyà iná bọ̀, ẹ máa rí swíìṣì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 115 tàbí 230 sí. Bó bá jẹ́ 115 ló wà, tí èèyàn wá kì í bọ iná wa níbí, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni gbàù! Èéfín á yọ, kí ẹ tó pariwo, power pack rẹ̀ ti lọ. Torí náà, ẹni tó bá ra Tòkunbọ̀, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kó tó wá sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n bá kọ 100 sí 240 sí lára, ìyẹn ò ní wàhálà, òun fúnra rẹ̀ ló máa mọ iná tó débẹ̀.

Ohun kejì ni pé iná tó ń bọ̀ máa ń ṣèkà ju iná tó ń lọ. Bí wọ́n bá dá iná pa dà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tí àwọn ọmọ ti ń pariwo "Up NEPA" káàkiri àdúgbò, gbogbo fíríìjì àti fáànù ló máa fẹ́ẹ́ gba tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, iná á wá máa lọ sókè, á máa lọ sódò. Bí iná bá ti lọ, ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà yín lára ògiri. Bó bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kó fara balẹ̀. Nígbà òjò, tí sánmà bá ti ń kùn, ẹ yọ ọ́ pátápátá. Sítabiláísà ń gbìyànjú lórí iná tó ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n kò lè dá mànàmáná dúró o. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour," ẹ má jẹ́ kí epo tán nínú ẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì wà ní títàn. Bí epo bá ti fẹ́ẹ́ tán, iná ẹ̀ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, kọ̀ǹpútà kì í sì í fẹ́ràn ẹ̀. Ní ti UPS, kì í ṣe pé kí a máa fi ṣiṣẹ́ lọ títí ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń fún wa, ká fi tọ́jú iṣẹ́ wa, ká pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ ni. Bó bá ń ké píì-píì, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín.

Tí kọ̀ǹpútà kò bá wá tàn ńkọ́? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látòkè o, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki ṣájà fóònù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ná, ẹ wò ó bóyá iná wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ fi wáyà mìíràn dán an wò. Ẹ wo mọ́níítọ̀, bóyá òun nìkan ni wọ́n pa. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti fẹ́ẹ́ ta kọ̀ǹpútà ní ẹ̀dínwó nítorí mọ́níítọ̀ tí ọmọ kékeré kan tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí i. Bí fáànù inú rẹ̀ kò bá dún rárá, tí kò sí iná kankan lára ẹ̀, ẹ fura sí power pack. Bí fáànù bá ń yí, tí iná kékeré iwájú rẹ̀ sì ń tàn, àmọ́ tí ojú rẹ̀ dúdú, tó sì ń ké pííì, pííì, ẹ fura sí RAM.

RAM yìí, pákó pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kì bọ inú kọ̀ǹpútà ni, òun ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Bí eyín rẹ̀ tó ń dán bí wúrà bá dọ̀tí, kọ̀ǹpútà ò ní rí i. Ẹ yọ wáyà iná kúrò, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí iná tó wà lára yín lè bọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ara gbogbo wa máa ń gbẹ. Kí ẹ wá yọ RAM náà jẹ́jẹ́, kí ẹ mú rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, kí ẹ fi nu eyín rẹ̀, kí ẹ gbọn ìdọ̀tí rẹ̀ dà nù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pa dà títí tó fi máa dún kọ́. Rọ́bà ilé-ìwé o! Mo ti fi jí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi aṣọ bò sí igun ilé.

Òmíràn tún wà tó máa tàn, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ ara ẹ̀ á ti pa dà sí ọdún gbọọrọ sẹ́yìn, íntánẹ́ẹ̀tì á wá máa sọ pé òun ò gbà á wọlé. Wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì o, bátìrì ni. Bátìrì pẹlẹbẹ kan bíi kọ́bọ̀ wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CR2032, 3 volt ni, òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ àti àkókò nígbà tí kò bá sí iná. Bó bá tán, kọ̀ǹpútà ò ní mọ ọjọ́ mọ́. Ẹni tó ń tún aago ṣe lè ní in, kò wọ́n rárá.

Eruku ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ eruku wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Á dí fáànù nímú, kọ̀ǹpútà á gbóná, á sì máa kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, ooru ló ń sá fún. Ẹ gbé e síta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ọ́n, ẹ fi ìka mú fáànù kó má yí. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Ẹ ó bá ọmọńlé níbẹ̀, ẹ ó bá aáyán, ẹ ó tún bá èèrà, torí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Ní 9 September 1947, àwọn òṣìṣẹ́ Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ń wá ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ aṣírò ńlá wọn kan, Mark II, àfi bí wọ́n ṣe bá kòkòrò kan bíi labalábá tó há sínú ẹ̀. Wọ́n fi téèpù lẹ kòkòrò náà mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ó sì wà ní ilé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn di òní. Grace Hopper, ìyá ológun tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló máa ń sọ ìtàn náà káàkiri. Àwọn òyìnbó ti ń pe àléébù ẹ̀rọ ní kòkòrò kó tó di ọjọ́ yẹn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kòkòrò gidi ni wọ́n rí. Bí Harvard bá bá kòkòrò nínú tiwọn, ta ni tiwa tí a óò ní ẹnì kan ló rán an?

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ tú nílé: power pack fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti yọ wáyà rẹ̀, iná ṣì máa ń wà nínú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ yọ ọ́ lódindi, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ power pack yìí ló jẹ́ kí n rántí bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọmọ Owé ni wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bàbá yìí ń mú ìwé àti bírò kiri ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ìdílé wọn, wọ́n ń béèrè oríkì, wọ́n ń béèrè ẹni tó bí ẹni, ẹni tó fẹ́ ẹni, ibi tí ààlà oko ìdílé wọn gbà àti igi tó dúró fún ààlà náà. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí àwọn ìwé àjákọ yẹn ṣe ń gbó, tí ikán ń jẹ wọ́n, bàbá ò bìkítà, wọ́n ní ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Àfi lálẹ́ ọjọ́ kan lásìkò òjò tí iná ṣàdédé dé, ó dún gbàù, ilé kún fún òórùn iná. Wọ́n gbé e lọ fún ẹnjiníà kan, ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ló bá ní hard disk ti jóná, kí bàbá wá owó tuntun, òun á sì bá wọn fi Windows tuntun sí i.

Hard disk ni àpò tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí. Tó bá jóná lóòótọ́, iṣẹ́ bàbá lọ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, gbogbo àwọn tó sọ ọ́ fún mi ló ti kú tán. Ta ni mo tún fẹ́ẹ́ bi?"

Ẹ̀yin ará, ara mi bù máṣọ. Mo ṣí àpótí rẹ̀, òórùn iná yẹn ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú power pack ló ti ń jáde. Mo yá power pack kọ̀ǹpútà tèmi, mo kì í sí i. Mo tan án. Fáànù yí, ó ké pí lẹ́ẹ̀kan, hard disk sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn jẹ́jẹ́. Bàbá dìde dúró. Àmọ́ Windows kò ṣí, ó ń yí, ó ń yí, á tún pa dà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí iná ṣe já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ ló da Windows rú. Hard disk ò jóná, ètò tó ń darí ilé ló dàrú, ẹrù inú ilé lè wà níbẹ̀.

Ohun tí mo lò ni Ubuntu. Ètò kan bíi Windows ni, ọ̀fẹ́ ni. Mark Shuttleworth, ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa, ló dá a sílẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2004, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn dúdú ìhà gúúsù Áfíríkà sì ni orúkọ rẹ̀. Èèyàn lè fi sórí fílàáṣì, kó sì tan kọ̀ǹpútà láti orí fílàáṣì yẹn láì fọwọ́ kan Windows rárá. Bó ṣe ṣí, mo wọ inú hard disk náà, mo sì bá fáìlì bàbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fún un. Mo ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí fílàáṣì méjì kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó wá fi Windows tuntun sí i. Bàbá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n ń ka orúkọ àwọn bàbá wọn lójú mọ́níítọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mi ò sọ pé olè ni ẹnjiníà yẹn o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ni. Kí kọ̀ǹpútà ṣáà ti tàn ló wà lọ́kàn tiẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ ló sì wà lọ́kàn bàbá. Ká ní bàbá ti sanwó, wọn ì bá ju hard disk yẹn nù.

Àwọn kan á bi mí pé bí wọ́n bá ti fọ́ọ̀mátì rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ hard disk àtijọ́ tó ń yí, tó sì jẹ́ fọ́ọ̀mátì oníkíá ni wọ́n ṣe, ìrètí ṣì wà, torí ohun tí wọ́n pa rẹ́ ni orúkọ ẹrù, ẹrù gan-an ṣì lè wà níbẹ̀ títí òmíràn á fi gorí ẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́. Ètò ọ̀fẹ́ bíi PhotoRec lè bá yín hú u jáde. Àmọ́ bó bá jẹ́ hard disk náà ló ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹni ń fi ìka kan ilẹ̀kùn, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń tàn án tó ni ara rẹ̀ á máa bàjẹ́ tó.

Ní ti fáírọ́ọ̀sì, fílàáṣì ló ń gbé e kiri jù lọ́dọ̀ wa, láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé sí ilé, láti ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin á ki fílàáṣì bọ̀ ọ́, gbogbo fáìlì á di shortcut, ẹ̀rù á bà yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣe ló gbé wọn pamọ́, kò pa wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi àńtí-fáírọ́ọ̀sì nu ún. Kí ẹ wá wọ Command Prompt, bó bá jẹ́ E ni lẹ́tà fílàáṣì yín, kí ẹ tẹ: attrib -h -r -s /s /d E:\*.* kí ẹ sì tẹ Enter. Ẹ máa rí wọn tí wọ́n á jáde wá. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré fáírọ́ọ̀sì o. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Taiwan, Chen Ing-hau, ló kọ èyí tí wọ́n ń pè ní CIH ní 1998. Nígbà tó di 26 April 1999, ó pa ohun tó wà nínú hard disk rẹ́ káàkiri ayé, nínú àwọn kọ̀ǹpútà kan, ó tún pa ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà rẹ́, tí wọn ò sì lè tàn mọ́. Àwọn tó ti ní ẹ̀dà níbòmíràn nìkan ló rí iṣẹ́ wọn pa dà wẹ́rẹ́.

Ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ nìyẹn. Kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní í kú lọ́jọ́ kan. Power pack wà lọ́jà, RAM wà lọ́jà, Windows wà. Oríkì tí bàbá tẹ̀ kò sí lọ́jà kankan, fọ́tò ìyá yín tó ti lọ kò sí lọ́jà. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí fílàáṣì tí kò sí nínú ilé kan náà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ yín tó wà nílùú mìíràn tàbí nínú ímeèlì yín. Èyí tó bá jẹ́ ti ìdílé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pẹ̀lú, torí ìwé kì í béèrè iná. Bàbá tíṣà ti tẹ tiwọn, wọ́n pín in fún àwọn ọmọ.

Bí ẹnjiníà kan bá wá ní òun fẹ́ẹ́ fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ó ti ṣẹ́ ẹ̀dà ohun tó wà nínú ẹ̀? Bó bá ń wojú yín, ẹ gbé ẹrù yín, kí ẹ máa lọ sílé.